Oòrùn ni àbí ọjọ́ orí? Mo ń wá ìmọ̀ràn nípa awọ ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́

Ìyá Aláṣọ, Iléṣà

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Atakúmọ́sà ní Iléṣà níbí ni mo ti ń pàtẹ aṣọ, ní apá ibi tí kò ní òrùlé, oòrùn kì í sì í kúrò lára mi láti àárọ̀ títí n ó fi palẹ̀ mọ́. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ohun tí mo ń rí nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ni ó mú mi kọ̀wé: awọ ikùn mi àti ti apá mi lókè ṣì ń dán, ó ń jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti hunjọ, ọrùn mi ti ṣú ju ibòmíràn lọ, àmì dúdú sì ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, pàápàá èyí tí mo kọ sí oòrùn ọ̀sán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí ni, pé kò sí ẹni tí kò ní gbó. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bá mi ra ìpara kan tí wọ́n pò sínú ike funfun, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ojú mi yóò mọ́ roro. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó ń ṣe awọ mi, kí ni mo sì lè rà tí kò ní gba gbogbo èrè ọjà lọ́wọ́ mi?

Apòògùn Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jẹ́ kí ìpara inú ike yẹn wà níbi tí ó wà ná. Mo mọ̀ pé àwọn tí ojú wọn ti rí i jù mí lọ yóò dá sí i.

Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín fúnra yín. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ikùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan kò ní gbó ju èkejì lọ. Gbígbó méjì ni ó ń bá awọ ènìyàn. Ọ̀kan ń ti inú wá: láti ìgbà tí a bá ti lé ní ogún ọdún ni collagen, ìyẹn àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di awọ mú kí ó má baà dẹ̀, ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, àti fún obìnrin, àdínkù náà máa ń yára gan-an ní nǹkan bí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyẹn dúró pátápátá. Èkejì ń ti ìta wá, oòrùn sì ni olórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sìgá náà kò gbẹ́yìn.

Ìtànṣán oòrùn méjì tí ojú kò lè rí, UVB àti UVA, ni ó wà nínú ọ̀ràn náà. UVB kì í wọlé jìnnà. Òkè awọ ni ó ń jó, òun ni ó ń mú kí ara máa ta ènìyàn, ó sì le jù láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. UVA ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jó ni, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọ ìsàlẹ̀ awọ lọ, ó ń mú kí ara máa tú àwọn èròjà tí ń gé collagen sílẹ̀, ó sì ń ba àwọn okùn tí ó ń mú awọ fà padà jẹ́, títí awọ yóò fi dẹ̀, tí yóò ki, tí yóò sì hunjọ. Láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ ni tirẹ̀, ó ń gba inú kùrukùru kọjá, ó sì ń gba inú gíláàsì kọjá. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àwòrán ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan jáde, tí ó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà. Apá òsì ojú rẹ̀, tí ó kọ sí fèrèsé ọkọ̀, ti hunjọ, ó ti rọ̀ wálẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lẹ ìdajì ojú bàbá mọ́ ìdajì ojú ọmọ.

Ẹ óò ní adúláwọ̀ ni wá. Òótọ́ ni, melanin tí ó sọ wá di dúdú ń gba púpọ̀ nínú ìtànṣán náà dúró, nítorí rẹ̀ ni ojú wa kì í fi í tètè hunjọ bíi ti òyìnbó. Àmọ́ ààbò náà kò pé. Lára wa, ohun tí oòrùn sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn kì í ṣe ìhunjọ, àwọ̀ tí kò dọ́gba ni, irú èyí tí ẹ rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ọrùn. Kódà ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran, tí kì í ṣe UVA tí kì í sì í ṣe UVB, ń mú kí awọ dúdú ṣú sí i. Ibi tí a tẹ̀dó sí kò sì ràn wá lọ́wọ́: ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án.

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ̀gbọ́n apòògùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Oko kòkó ni ìyá tí ó bí bàbá mi lo ayé rẹ̀ sí. Òrí àti àdín ni ó fi ń pa ara, kò mọ ohun tí ń jẹ́ sunscreen, ìpara tí ń dènà oòrùn, awọ rẹ̀ sì ń dán títí ó fi kọjá ọgọ́rin ọdún. Ṣé kì í ṣe pé àwọn òyìnbó kàn ń wá ẹni tí wọn yóò ta ọjà wọn fún?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ẹnuwá

Ọmọ Ọbòkun, ọmọ mi, o sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o fo ibì kan. Oko kòkó ni o pè é. Ta ni ó ń rí oòrùn nínú oko kòkó tí ó ti dàgbà? Ewé ti pàdé lókè, ilẹ̀ tutù, òjìji ni ìyá wa fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ. Lọ wo ẹni tí ó ń kọ ebè ní ọ̀dàn, tàbí ẹni tí ó ń sá kòkó ní gbangba lójoojúmọ́, kí o wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ìyá rẹ tún ń wé gèlè, ó ń da ìborùn bo èjìká. Aṣọ sì ni ààbò àkọ́kọ́ kí a tó dé orí ìpara. Òrí dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ó ń dá omi ara dúró, pàápàá nígbà ọyẹ́, awọ tí kò bá sì gbẹ kì í tètè fi ìlà rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè dá dúró nínú ìtànṣán oòrùn kéré débi pé a kò lè gbára lé e.

Ìyá Aláṣọ, ní ti ike funfun yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń pò sínú irú rẹ̀ ni hydroquinone, ìyẹn oògùn tí ń bó àwọ̀, tí ó lágbára ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí mẹ́kúrì, tàbí oògùn steroid, ìgbà mìíràn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC kò sì fàyè gbà á nínú ìpara. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń rí àwọn tí a fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ wọn tí okùn kò rí ibi dì mú. Bí a ti ń fà á ni awọ ń ya. Hydroquinone ní tirẹ̀, bí ènìyàn bá lò ó pẹ́ tí ó sì ń wà nínú oòrùn, lè fi àmì dúdú tí ó dà bí aró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ṣòro láti wò ju àmì tí ẹ ń sá fún lọ. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tí ń bóra nínú ọjà yín dáadáa: ojú pupa, oríkèé ìka dúdú kirikiri. Èyí tí ó sì kàn yín jù ni pé melanin tí apòògùn sọ pé ó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn gan-an ni ìpara náà ń lé lọ. Ẹni tí ó bá bóra tán tí ó padà síbi àtẹ rẹ̀ nínú oòrùn yóò gbó ju ẹni tí kò bóra lọ.

Awakọ̀ Ifẹ̀ sí Iléṣà

Àwòrán awakọ̀ yẹn bá mi wí. Apá òsì mi tí mo máa ń gbé lé ojú fèrèsé dúdú ju ọ̀tún lọ, ìyàwó mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé bí mo bá ti gbé gíláàsì sókè, ó parí. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn ni n ó máa wọ̀ báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Awólọ́wọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rírà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó ṣòfò jù.

Ìpara tí wọ́n kọ sunscreen sí lára ni kí ẹ bèèrè, mà, kí ẹ sì ka páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo nọ́ńbà SPF. UVB ni ó ń wọ̀n: SPF 30 ń dá nǹkan bí 97 nínú 100 rẹ̀ dúró, SPF 50 ń dá nǹkan bí 98 dúró, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi SPF 100 gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín. Ẹ tún wo bóyá wọ́n kọ broad spectrum sí i, nítorí ìyẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé ó ń dènà UVA pẹ̀lú. Fún àmì dúdú bíi tiyín, èyí tí ó ní àwọ̀ ara, tí wọ́n fi iron oxide, ìyẹn èròjà tí ń fún un ní àwọ̀ náà, sí, ni mo fara mọ́ jù, nítorí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran dúró, kì í sì í fi ẹfun kun ojú ènìyàn bí àwọn tí ó jẹ́ zinc oxide funfun lásán. Kí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ má tíì kọjá, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn lórí àtẹ, nítorí ooru ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìwọ̀n tí ó yẹ ojú àti ọrùn ni èyí tí ó bá gùn tó ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín pọ̀. Ẹni tí ó bá fi bíńtín ra ojú kò rí SPF tí ó san owó rẹ̀ gbà. Ẹ pa á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, nítorí òógùn ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo èyí. Ẹ ná ìpara náà lé ojú, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan, kí ẹ sì fi aṣọ bo ìyókù; ẹni tí ó ń ta aṣọ kò kúkú lè wá aṣọ tì. Ẹ gbé èyí tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ sókè sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀, ìtànṣán náà yóò gbà á. Ànkàrá tí ó ki dára. Léèsì kò bo nǹkan kan. Agbòòrùn ńlá lórí àtẹ yóò ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, nítorí ìtànṣán máa ń ta padà láti orí kọnkéré.

Ìyá Àfín, Modákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un fún ẹni tí ó bá ní àfín nílé bíi tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ ni ti àwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Melanin tí ó wà lára wọn kò tó nǹkan, àrùn jẹjẹrẹ awọ sì lè bẹ̀rẹ̀ lára wọn láti ìgbà ọ̀dọ́. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ yíká, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara lójoojúmọ́ láti ìgbà ọmọdé, kí ẹ sì bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ kí ó má ṣe mú wọn dúró ní gbangba pápá ní ọ̀sán.

Ìyá Aláṣọ, Iléṣà

Ẹ ṣé púpọ̀, Olúwa yóò máa bù sí ìmọ̀ yín. Mo ti dá ike náà padà fún ẹni tí ó rà á. Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ bèèrè. Wọ́n ní kí n máa fi òsàn wẹ́wẹ́ pa ojú, ṣé ó dára? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àwọn kókó dúdú wínníwínní ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lábẹ́ ojú, ṣé àrùn ni? Ìgbà wo sì ni àmì ojú mi yóò tó lọ?

Apòògùn Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Òsàn wẹ́wẹ́ rárá, mà. Omi rẹ̀ ní èròjà tí ó máa ń bá oòrùn ṣiṣẹ́ pọ̀ lára awọ. Ó lè jó yín, kí ó lé roro, kí ó sì fi àmì tí ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn kókó ojú ẹ̀gbọ́n yín, bí wọ́n bá rí bí ẹ ti ṣàpèjúwe wọn, kì í pa ènìyàn lára, ó sábà máa ń rìn nínú ìdílé, kí wọ́n má sì fi èékánná já a.

Ní ti àkókò, oṣù ni kí ẹ kà, ẹ má ka ọ̀sẹ̀. Àmì dúdú a máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn kò bá tún kun ún mọ́. Ìhunjọ ẹ̀yìn ọwọ́ kò ní lọ tán, àmọ́ ẹ lè dí ìyókù lọ́nà. Ní Queensland, ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àgbàlagbà 903 tí ọjọ́ orí wọn kò tó 55 fún ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Gbígbó awọ lára àwọn tí wọ́n ní kí ó máa pa sunscreen lójoojúmọ́ fi ìdá 24 nínú 100 dín sí ti àwọn tí ó ń pa á nígbà tí ó bá wù wọ́n. Ọdún 2013 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Oògùn bí tretinoin wà tí ó ń mú kí collagen tún hù díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni ó yẹ kí ó kọ ọ́ fún yín, alẹ́ ni a ń lò ó, kò sì sí fún aláboyún.

Bí ẹ bá rí egbò tí kò jinná, kókó tí ó ń dàgbà, tàbí àmì dúdú tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, ẹ má ṣe dúró. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ tí ó pa Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí kì í ṣe oòrùn ni ó ń fà á. Kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ wọkọ̀ wá sí Ifẹ̀: Wesley Guild tí ó wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ yín jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Obafemi Awolowo, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, bí ó bá sì gba kí ẹ rí dókítà awọ, wọn yóò kọ ìwé tí ẹ ó mú dání.