Watar ará Hítì, water Gẹ̀ẹ́sì: ta ló yá a lọ́wọ́ ta?

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kàwé lálẹ́ àná nípa àwọn Hítì tó jọba nílẹ̀ Tọ́kì láyé àtijọ́ (orúkọ yẹn náà ni Bíbélì fún Ùráyà ọkọ Bátíṣébà). Wọ́n ní watar ni wọ́n ń pe omi. Watar kẹ̀! Ṣé òyìnbó ló jí i ni?

Bàbá Akọ̀wé: Kò sẹ́ni tó jí i, ọmọ mi. Ogún ìdílé ni: inú ìdílé èdè kan náà ni èdè Hítì àti Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Bedřich Hrozný, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ló kéde ọ̀rọ̀ yìí ní 1915. Ó tẹjú mọ́ àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Boğazköy, níbi tí Hattusa olú-ìlú wọn wà, ó wá bá gbólóhùn yìí pàdé:

nu NINDA-an ezzatteni watar-ma ekutteni

NINDA yẹn, àmì àwọn ará Súmérì ni, búrẹ́dì ló dúró fún. Akọ̀wé Hítì á kọ ọ́ bí ti Súmérì, á sì kà á lédè tirẹ̀, bí àwa náà ṣe ń kọ 20 tá a ń pè é ní ogún. Hrozný wò ó: kí lèèyàn ń fi búrẹ́dì ṣe, tí kì í bá ṣe jíjẹ? Ezzatteni wá jọ essen àwọn ará Jámánì lójú rẹ̀, ó jọ edo tí wọ́n fi lù mí ní kíláàsì Látìn. Ẹni tó bá sì jẹun á mu nǹkan sí i. "Ẹ ó jẹ búrẹ́dì, ẹ ó sì mu omi."

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹ ṣé, bàbá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ lè ṣèèṣì jọra. Ṣebí irú ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ pé Íjíbítì la ti wá.

Bàbá Akọ̀wé: O káre! Ìjọra nìkan ò tó. Wo ibí yìí dáadáa: watar ni omi, ṣùgbọ́n "ti omi" ni wetenas. R lọ, n dé. Gẹ̀ẹ́sì di r mú, water. Àwọn ará Súwídìn di n mú, vatten. Ti iná náà rí bẹ́ẹ̀: pahhur, pahhuenas. Èèyàn lè yá ọ̀rọ̀ lò, àmọ́ ta ni yóò yá irú ségesège yẹn mọ́ ọn?

Ìyá Ìdah: Ẹ kú làákàyè, bàbá. Ígálà ni mí. Omi làwa náà ń pe omi, ọma la ń pe ọmọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, mo ní kí ìyá ẹlẹ́kọ kan fún mi lómi, ó ní mo mà tètè gbọ́ Yorùbá o. Mo ní, màmá, èyí tí mo gbé wá látilé ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun: 😂 Ekutteni wá ńkọ́, bàbá? Ṣé aqua, tí í ṣe omi lédè Látìn, ló bá tan ni àbí?

Bàbá Akọ̀wé: Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan yarí. Èmi wà lára àwọn tó yarí: mímu ni ekutteni, omi kọ́. Jẹ́ kí n gba fóònù yìí lára iná ná, mò ń bọ̀.