Oòrùn jó ọmọ mi àfín lóko kàjú, kí ni mo lè fi pa ara ẹ̀ nílé?

Ìyá Àfín, Sábẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo kàn já lù yín báyìí, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, àfín ni. Lánàá ìyá ọkọ mi mú un lọ sóko, ẹ mọ̀ pé àsìkò kàjú la wà yìí, gbogbo ilé ló ń lọ ṣà á, èmi wà lọ́jà n ò sì mọ̀ pé wọ́n máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n lọ, aago 4 ti kọjá kí wọ́n tó dé. Kò dé fìlà, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Lálẹ́ àná ó kàn pọ́n díẹ̀, mo ní á lọ tó bá sùn. Ìgbà tílẹ̀ mọ́, ọrùn, etí, èjìká, apá, gbogbo ẹ̀ pupa fòò, ó ń gbóná janjan, taṣọ bá kàn án á figbe ta. Ìyá ọkọ mi ní ká fi àdí pa á, aládùúgbò wa ní ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. N ò tíì fi nǹkan kan kàn án. Kí lẹ̀yin máa ń lò nílé?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Pẹ̀lẹ́ o ìyá wa. Ẹ má fún ọsàn sí i o, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run! Àbúrò mi tó ń ta jùùsì ní Wàńdò, ó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ nínú oòrùn láti àárọ̀, kò fọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, ojú ibẹ̀ wá dúdú, ó pẹ́ kó tó lọ. Oje ọsàn yẹn tí oòrùn bá bá a lára èèyàn, ńṣe ló ń jó awọ. Ẹ wá lọ fi sára ọmọ tó ti jó tẹ́lẹ̀!

Ọmọ Àgbẹ̀, Sábẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Ṣé ó dá yín lójú pé oòrùn ni, àbí kàjú gan-an? Torí epo tó wà nínú èèpo kóró kàjú, iná ni yẹn o, ó máa ń bó ọwọ́ àwa tá a ń ṣe é. Ṣé wọ́n sun kàjú lóko ni, tàbí ó fi òkúta fọ́ ọ?

Ìyá Àfín, Sábẹ̀
Rárá o, wọ́n kàn ń ṣà á ni, wọ́n ń yọ kóró kúrò lára èso. Àti pé ibi tí okùn síńgílẹ́ẹ̀tì wà léjìká ẹ̀ funfun gbáláú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ló pọ́n, èèyàn á ní wọ́n fi rúlà fà á. Oòrùn ni.

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ẹ kú àmójútó ọmọ, màmá. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó pa nǹkan sí i. Omi ni oògùn àkọ́kọ́, kì í ṣe òróró. Omi àmù ti tó, ẹ má fi yìnyín kàn án lára torí yìnyín náà ń jó awọ. Ẹ rẹ aṣọ òwú tó mọ́ sínú omi yẹn, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi bo ọrùn àti èjìká ẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15, taṣọ náà bá ti ń gbóná ẹ tún un rẹ. Ẹ máa ṣe é léraléra títí di alẹ́. Tó bá fẹ́ wẹ̀, omi tútù lásán ni, kó má fi kànìnkànìn ha ara, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Àdí, epo, òrí, tẹ́ ẹ bá fi pa á nísinsìnyí tára ṣì ń gbóná, ńṣe ló máa dé ooru yẹn mọ́ inú awọ, bí ìgbà téèyàn dé ìdérí lé ìkòkò tó ń hó. Kí ara kọ́kọ́ tutù ná.

Aloe vera, èyí táwọn kan ń pè ní etí erin, dáa gan-an. Ẹ gé ewé kan, ẹ gbé e nàró kí oje rúsúrúsú ẹ̀ ro dànù torí òun ló máa ń yúnni lára, ẹ bó èèpo, ẹ fi omi ṣan nǹkan funfun tó ń yọ̀ nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níbi kékeré tí oòrùn ò jó. Tí ò bá yún un, ẹ máa fi pa á jẹ́jẹ́. Tẹ́ ò bá ní, kùkúmbà tútù tẹ́ ẹ rin náà ń ṣiṣẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní tí wọn ò tíì sè, ẹ má dán an wò lórí awọ tó ti bó, kòkòrò wà níbẹ̀.

Kó máa mu omi dáadáa, kó mu ògì. Tó bá ń ro ó, parasetamọ́ọ̀lù ọmọdé, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, wákàtí 6 sí wákàtí 6, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n ní fàmásí. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin. Tó bá lé ròrò ẹ má tú u. Tó bá ń bì, tí ibà mú un tó ń gbọ̀n, tójú ẹ̀ wú, tàbí tí ìléròrò náà tóbi, ẹ gun zémì kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀.

Pé ó burú sí i láàárọ̀ yìí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọjọ́ kejì ló máa ń pọ́n jù.

Bàbá Ìdènà, Kétu
Ọmọ Ọbàtálá ni, Òrìṣà á ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ kó má fún un níyọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, àfín kì í jẹ iyọ̀, iyọ̀ ló ń mú ara wọn rí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Kétu
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí yín. Bá a ṣe gbọ́ ọ náà nìyẹn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe iyọ̀. Nǹkan tó ń mú awọ tiwa dúdú, tó ń gba oòrùn dúró bí agbòòrùn, ara àfín ò ní in tó. Oòrùn ló ń ṣe é ní tààrà, bó jẹ iyọ̀ bí ò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ń jẹ.

Fìlà Gbẹ̀rẹ̀, Àjàṣẹ́
Àfín lèmi fúnra mi, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, omi ti bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí torí mo mọ bí èjìká ọmọ yẹn ṣe ń ta á. Ìyá mi ò mọ aloe, aṣọ tútù ló máa ń fi bò mí lálẹ́, táá máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi títí máa fi sùn. Lọ́jọ́ kẹta ìkẹrin tára ò gbóná mọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ìgbà yẹn ni òrí wúlò, òrí tí ò ní àdàlù, ẹ yọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ fi pa á. Ẹ má ṣí awọ tó ń bó yẹn, kó bọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ sì má rò pé òrí lè gba oòrùn dúró o, kò lè ṣe é.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kó má tún ṣẹlẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí oòrùn bá jó àfín ló ń fi nǹkan sílẹ̀ sínú awọ, òun ló ń di jẹjẹrẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Aago 10 sí aago 4, kó wà lábẹ́ òjìji. Aṣọ alápá gígùn tó ki, fìlà tí etí ẹ̀ gbòòrò yí ká tó bo etí àti ọrùn, torí fìlà lásán ò bo etí. Kírímù oòrùn ní fàmásí, ẹ wo ara ẹ̀ kó jẹ́ SPF (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń gba oòrùn dúró tó) 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 2 sí wákàtí 2 ni kẹ́ ẹ máa tún un pa. Ó wọ́n lóòótọ́, tówó ò bá tó, aṣọ àti fìlà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Tí egbò kan bá sì wà lára ẹ̀ tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tì í mọ́lé. Wọ́n tì mí mọ́lé, mo mọ ohun tó ṣe fún mi. Kó lọ síléèwé, kẹ́ ẹ ní kí olùkọ́ jẹ́ kó jókòó síwájú torí ojú wa kì í ríran jìnnà.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n Fìlà Gbẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ìyá Àfín, Sábẹ̀
Ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ kẹrin rèé. Aṣọ tútù la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sunkún nígbà àkọ́kọ́, ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé "Màmá ó ti gbóná, ẹ tún un rẹ". Ìléròrò kékeré méjì yọ léjìká, a ò tú u. Ìyá ọkọ mi ló lọ wá aloe wá, ìyà ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ wọ́n ju èmi lọ, àwọn náà ni wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Etí ẹ̀ ti ń bó, ara ò gbóná mọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òrí lálẹ́ yìí. Ṣé kí n fi sórí ibi tí ìléròrò wà náà, àbí kí n yà á sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ẹ yà á sílẹ̀ màmá, títí á fi gbẹ. Ẹ pa òrí sí ibi tó ń bó nìkan.