Iṣu ló ń jẹrà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Bọ̀dá tó ní ká máa pe títú tí átọ́ọ̀mù (ẹyọ tín-ín-tín) rédíọ̀mù, irin kan, ń tú fúnra rẹ̀ ní "ìjẹrà", mo gbọ́ àlàyé yín pé ọ̀rọ̀ ohun tó ń rà, "decay", ni òyìnbó náà fi pè é. Òótọ́ ni. Ṣé dandan wá ni ká bá òyìnbó ṣì í pè?

Ní abà ìyá mi nítòsí Ìkéré, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iṣu ìsàlẹ̀ wò. Ìka á rì wọlé, omi á ṣàn jáde, òórùn á gba imú yín. Ti òkè tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ṣì le koko. Ìjẹrà mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Átọ́ọ̀mù ńkọ́? Èyí tó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún kò sún mọ́ títú ju èyí tó délẹ̀ lánàá lọ.

Bóyá ohun tó wà níta lè yí títú náà padà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ara wọn jà lé lórí. Ní nǹkan bí 2008, àwọn kan ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà sọ pé títú náà ń yára, ó ń falẹ̀, bí ayé ṣe ń sún mọ́ oòrùn tó sì ń jìnnà sí i. Ẹlòmíràn bá yẹ Cassini wò, ọkọ̀ tó gbéra lọ sáàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ní 1997, tí títú plutonium 238 ń fún níná. Ó gba ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Venus kọjá, ó forí lé Saturn tó jìnnà sí oòrùn, iná rẹ̀ kò tẹ̀lé bó ṣe sún mọ́ oòrùn tàbí jìnnà sí i rárá. Àwọn mìíràn wọ̀n tiwọn, wọn ò rí i; wọ́n ní ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ooru àti ọ̀rinrin ń dà láàmú. Bí a bá wá sọ ọ́ ní ìjẹrà, a ti dájọ́ ká tó gbọ́ ẹjọ́.

"Ìtú" ni mo fara mọ́, bí a ṣe ń sọ pé ìlú tú. Mo mọ̀ pé ọdẹ ti ní ìtú tó ń pa. Kò sì pé: kóbáàtì 56, irú kóbáàtì kan, tú, irin ló dà, kò di òfìfo. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù, kó mú un wá.

"Ìdajì ọjọ́ ayé" fún "half-life", àkókò tí ìdajì átọ́ọ̀mù fi ń tú, ni n kò lè gbà rárá. Kábọ̀nù 14, irú kábọ̀nù kan tó ń tú, ń dín sí ìdajì ní bíi ọdún 5,730. Ẹni tó bá gbọ́ "ìdajì ọjọ́ ayé" á rò pé ní ọdún 11,460 ó ti kú tán, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀. "Àkókò ìdajì" ti tó.