Alárinà kọ́, ògbufọ̀ ìwádìí ni

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú dábàá pé kí a máa pe ẹni tó ń gbé àbájáde ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ bá àwọn aṣòfin ní "alárinà". Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ẹni tí à ń wí yìí ò gbọdọ̀ yẹ̀bá láéláé, torí ìbò ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ń gbé aṣòfin tuntun wọlé, ìmọ̀ pàápàá kì í dúró lójú kan. Amẹ́ríkà dá ọ́fíìsì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin wọn ní 1972. Nígbà tó di 1995, wọ́n tì í pa. Alárinà yẹ̀bá lóòótọ́, ó sì dùn mí. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ṣì ń ṣiṣẹ́: ìwé kúkurú ni wọ́n sábà máa ń fi la ọ̀rọ̀ kan yé aṣòfin.

"Agbódegbà" tí ẹnìkan tún mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó ń bá olè lẹ̀dí àpò pọ̀ nìyẹn.

"Ògbufọ̀ ìwádìí" ni tèmi. Ẹ wo Ẹ̀pẹ́ níbí. Bí aṣòfin bá fẹ́ ṣòfin kí ẹja má baà tán nínú ọ̀sà, onímọ̀ ẹja á sọ bí ẹja ṣe ń gùn tó kó tó kọ́kọ́ yé ẹyin. Aṣòfin ò lè kọ ìyẹn sínú òfin. Ojú àwọ̀n wo ni ká gbà láàyè? Ìyẹn ló ń wá. Ògbufọ̀ ló máa sọ gígùn ẹja di fífẹ̀ ojú àwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi. Ó ki ìka méjì bọ ojú àwọ̀n rẹ̀, ó ní, "Èyí tí kò bá gba ìka méjì, ọmọ ẹja ló ń kó." Bàbá ti túmọ̀ tán, ìka ló fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan ní ti ilé ẹjọ́ ni ògbufọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti dára: ògbufọ̀ kì í fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀, kì í yọ nínú rẹ̀. Kí ẹni yìí náà sọ ohun tí ìwádìí rí àti ibi tí kò tíì dájú, kó fi ìpinnu sílẹ̀ fún aṣòfin. Ó sì ń túmọ̀ lọ, ó ń túmọ̀ bọ̀, torí ìbéèrè aṣòfin náà gbọ́dọ̀ dé etí onímọ̀.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀ rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a bá fẹnu kò sí lè débẹ̀. Ẹ bá mi dá sí èyí tó kù: ṣé "ìwádìí" nìkan tó? Létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ti ọlọ́pàá ni. Mo ro "ògbufọ̀ ìmọ̀" wò, àmọ́ ó fẹ̀ jù.