Owó tí wọ́n "yà sọ́tọ̀", ṣé ó ti jáde?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Òmù-Àrán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ìjíròrò wa lórí bí a ṣe ń fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà ní ká yéé pe aṣòfin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí lórí àlééfà ní "alátakò". Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ń sọ ọmọlúàbí di ọ̀tá ìlú, wọ́n sì fi "ẹgbẹ́ alákìíyèsí" rọ́pò rẹ̀. Alfa wa ní Ìlọrin dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ takò, kí ló wá ṣe ní apá ibẹ̀ yẹn nínú ilé aṣòfin? Láti ìgbà náà la ti ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni fa okùn.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi, òun ló jẹ́ kí n dá sí i. Aṣòfin kan láti apá Ìgbómìnà níbí, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ló ní kí n bá òun tú ìròyìn ohun tí òun ti sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin sí Yorùbá, kí àwọn ará ilé lè rí i kà. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Omi, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, owó oṣù olùkọ́ àti ọ̀nà ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni "alátakò" yọjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni kò jẹ́ kí n sùn.

Síbẹ̀, kí n sọ tèmi lórí alátakò, torí ẹ̀gbọ́n wa kò ní gbà kí n fò ó. Alfa ni mo gbè. Nígbà tí J. S. Ọláwóyin ọmọ Ọ̀fà jókòó nínú ilé aṣòfin Àríwá ní Kàdúná, tó jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) láàárín àwọn NPC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Àríwá nígbà náà, tí wọ́n pọ̀ ju ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ fíìfíì, kí ló ń ṣe bí kò ṣe àtakò? Ìyẹn kò sọ ọ́ di ọ̀tá ẹnikẹ́ni nílé. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà lóòótọ́, ẹ wo "tálákà". Àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Ilorin Talaka Parapọ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ jọ ń ṣe, inú èdè Hausa ni wọ́n ti mú un. Lẹ́nu Hausa, ẹni tí kò joyè, tí kò sí nínú àwọn aláṣẹ, ni talaka. Lẹ́nu tiwa, ẹni tí ìṣẹ́ ń bá fínra ni. Ẹni tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ yẹn lónìí á ṣe bí ẹgbẹ́ àwọn tí kò rí jẹ ni. Irú ọ̀rọ̀ tó ń yọ́ lọ láìpariwo báyìí ni mo ń bẹ̀rù. Alátakò ò ṣe é bẹ̀rù, gbogbo wa la gbọ́ ọ yé.

Ó dáa, owó.

Ohun tí aṣòfin náà kọ ni pé gómìnà fi iye kan sí iṣẹ́ ẹ̀rọ omi nínú àbá ìṣúná. Pé ilé gbà á wọlé. Pé ọdún ń parí lọ, kọ́bọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbẹ́ kànga. Òun wá dìde lórí ìjókòó, ó bèèrè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lò fún ipò mẹ́ta tí owó náà ti wà. Èmi tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí "yà sọ́tọ̀", bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn rédíò lójoojúmọ́. Mo kà á fún ìyá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀ fún un, kí ló tún ń bínú sí?"

Wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí Yorùbá bá yà sọ́tọ̀, ó wà nílẹ̀. Iṣu tí mo yà sọ́tọ̀ fún gbíngbìn, ẹ wá wò ó lábà. Owó ilé ìwé tí ìyá ọmọ yà sọ́tọ̀, ó ti dì í mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Ohun tí ilé aṣòfin ń ṣe kò jọ èyí rárá. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 121 ní kí gómìnà gbé àbá náà wá síwájú ilé. Abala 120 sì ní owó kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpò ìpínlẹ̀ láìsí òfin tó fàyè gbà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó fàyè gbà á. Ilẹ̀kùn ni ilé ṣí, owó lè má gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti dá èésú rí mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ wà nínú ìwé pé oṣù kẹfà ni wàá kó, ẹ̀yin méjìlá sì jọ fọwọ́ sí i. O ò tíì kówó.

Mo dán oríṣiríṣi wò. "Owó orí ìwé" ni mo kọ́kọ́ rò pé ó dára fún èyí tí kò tíì di san. Alfa rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ kí gbogbo ìlú sá, pé "owó orí" nìkan ni wọ́n máa gbọ́. "Tú owó sílẹ̀" ńkọ́? Ewúrẹ́ là ń tú sílẹ̀. "Gbé owó kalẹ̀" ni àwọn ìwé ìròyìn ń lò fún ìlérí, wọ́n tún ń lò ó fún sísan, ìyẹn ni pé ibi tí mo ti ń sá ló tún dá mi padà sí. Àǹtí wa dábàá "ìdásílẹ̀ owó". Ẹ má bínú, Àǹtí, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ là ń dá sílẹ̀.

Ìyá olùkọ́ yẹn náà ló gbà mí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ilé fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì rí owó náà gbà. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n! Kò tíì jáde nìyẹn." Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọba àti àwọn tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì láti ọjọ́ tó ti pẹ́: wọ́n ti buwọ́ lù ú, kò tíì jáde. Bí èsì ìdánwò ṣe ń jáde náà ni. Torí náà, "wọ́n dá a lábàá", "ilé buwọ́ lù ú", "ó jáde". Mi ò ṣẹ̀dá ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n wa máa sọ pé ṣebí a ní "owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde", pé jáde ti di ìnáwó. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ ọ́ di "ìjáde owó". Mo máa fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí n sì máa sọ ibi tó ti jáde: láti àpò ìjọba. Ìnáwó á wà láàyè tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, kíákíá. Aṣòfin pe àwọn ohun tó sọ nílé ní "contributions". "Ìdásí" tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "má dá sí i" wà lẹ́nu gbogbo ìyá. "Ìdáwó" tí ẹnì kan dábàá á jẹ́ kí àwọn ará ilé máa bi í pé èló ló dá.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ "ohun amáyédẹrùn" fún omi àti ilé ìwòsàn, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi jà. Ohun tó ń mú ayé dẹrùn, bí kò bá sí, ayé le díẹ̀ ni. Fáànù ń mú ayé dẹrùn. Omi ńkọ́? A ti ní "kòṣeémánìí" láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí aṣòfin bá dìde tó ní owó kòṣeémánìí ìlú ni wọn ò san, èsì tó máa gbà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tọrọ ìdẹ̀rùn. Mo fi amáyédẹrùn sílẹ̀ fún iná òpópónà.

Alfa bi mí pé ta ló máa lo gbogbo èyí, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé aṣòfin. Ẹ ka abala 97 nínú ìwé òfin kan náà. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹnu kò lé e lórí. Ní Kwara, Nupe àti Baruba náà á fẹ́ tiwọn, ó sì tọ́ sí wọn.

Mo tún gbólóhùn náà kọ báyìí: "Ilé buwọ́ lu owó ẹ̀rọ omi, àmọ́ kò tíì jáde láti àpò ìjọba." Mo tún gbé e lọ fún ìyá olùkọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ta ló dì í mú?" Mo yẹ ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Aṣòfin kò kọ ìyẹn síbẹ̀.