Lórí "òkúta ẹ̀dọ̀": inú ẹ̀dọ̀ kọ́ ló wà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe "gallstone", òkúta tó ń dì látinú òróòro, là ń wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní ká fẹnu kò sí "òkúta ẹ̀dọ̀", torí ó kúrú, kò sì nira láti pè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti pa ewúrẹ́ rí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dọ̀ là ń sè. Àpò òróòro tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ là ń rọra gé sọnù, torí tó bá fọ́, ẹran ti korò nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò náà, àpò yẹn ló ń tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi jẹ ohun ọlọ́ràá, kó tó tú u sínú ìfun. Inú àpò ni òkúta ti ń dì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa jà lé e: lọ́dún tó kọjá, wọ́n ya àwòrán inú àbúrò ìyá mi ní Kàbà. Wọ́n ní òkúta ẹ̀dọ̀ ni, àwọn yóò yọ ọ́ tàpò-tàpò. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ilé gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e padà sílé, ó di àgbo. Kò pé oṣù méjì, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìtọ̀ rẹ̀ ṣú bí àgbo tó ń mu, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun: òkúta kan ti já bọ́, ó dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé tó gbà kí wọ́n yọ àpò náà. Kò sẹ́ni tó lè wà láìní ẹ̀dọ̀, àmọ́ èèyàn ń wà láìní àpò òróòro. Òróòro á kàn máa ti ẹ̀dọ̀ ṣàn tààrà sínú ìfun. Ẹyẹlé pàápàá kò ní in. Ẹ wo inú rẹ̀ tí ẹ bá tún pa á. Àbúrò ìyá mi ń jẹ iyán rẹ̀ báyìí, kò sóhun tó ṣe é.

"Ọta" tí ẹnìkan mú wá dùn létí mi, àmọ́ ẹni tí a bá sọ fún pé ọta wà nínú rẹ̀ yóò bèèrè ẹni tó yìnbọn.

"Òkúta òróòro" ló sún mọ́ ọn jù, àmì ohùn ló ń bà á jẹ́. "Okuta ororo" ni gbogbo wa ń tẹ̀ lórí fóònù, òróró ìdínkàrà lẹni tó kà á yóò rò. Lóòótọ́, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù (irú ọ̀rá kan) tó pọ̀ jù nínú òróòro ló ń dì di ọ̀pọ̀ òkúta wọ̀nyí, ẹ̀dọ̀ ló sì ń dà á síbẹ̀, kì í ṣe agbada àkàrà. Ti àwọn tó ní sickle cell tilẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè fọ́, àwọ̀ tó kù sílẹ̀ ló ń di òkúta dúdú, kódà lára ọmọdé.

"Òkúta àpò òróòro" ni tèmi. Ó gùn, àmọ́ a ò kúkú fẹ́ kiri rẹ̀ lọ́jà.

Ó ku ọ̀kan: omi òróòro tó ti ki bí ẹrẹ̀ àmọ́ tí kò tíì di òkúta. Mo fẹ́ pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òróòro. Ṣé ẹ̀ka èdè Búnú tàbí Yàgbà ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ?