Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun kósítà tó ń yí bírí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin tèmi, páàkì ìṣeré tí mo máa ń lọ ti ṣí kósítà tuntun (ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí irin) tí wọ́n ti ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, èyí tí ọkọ̀ ẹ̀ ń yí bírí lórí irin, mo sì ti gùn ún. Mo ti gun oríṣiríṣi kósítà o, èyí tó ń dojú èèyàn délẹ̀, èyí tó ń já wálẹ̀ ṣánṣán, mo ti rò pé kò sí èyí tó tún lè já mi láyà mọ́. Haa. Àwa mẹ́rin ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ kan, èmi àti àbúrò mi kọjú síwájú, àwọn méjì tá ò mọ̀ rí kẹ̀yìn sí wa. Bá a ṣe ń gòkè lọ, ọkọ̀ ò tíì yí torí wọ́n ti há a mọ́lẹ̀, mo wá ń sọ fún àbúrò mi pé ṣé èyí náà ni wọ́n ń torí ẹ̀ tò bíi kí wọ́n kú. Mi ò tíì pa ẹnu dé tí nǹkan kan fi dún kọ̀ọ́ lábẹ́ wa, wọ́n ti tú u sílẹ̀ nìyẹn, kọ́nà àkọ́kọ́ báyìí ọkọ̀ fì, ló bá ń yí, ẹ̀yìn la fi já wálẹ̀! Mi ò rí ibi tá à ń lọ, ibi tá a ti ń bọ̀ ni mò ń wò, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti tún yí mi padà, mo sì rí kọ́nà tó kàn tó ń bọ̀ lójú mi gbọnrangandan. Òkòtó ni wọ́n fi wá ta jàre.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tá a padà lọ gùn ún, pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, kò yí tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ó kàn fì síbí ó fì sọ́hùn-ún. Irin kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ta ló lè ṣàlàyé ẹ̀? Ẹ sì sọ tiyín náà.

—

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìwúwo ni. Àga yẹn dá dúró lórí táyà tó ń sáré lórí irin, bíárìn, ìyẹn irin roboto tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere, ló wà láàárín wọn, kò sí ẹ̀ńjìnnì kankan tó ń yí i nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tí apá kan bá wúwo ju apá kejì lọ, bẹ́ ẹ bá ṣe dé kọ́nà, apá tó wúwo ló máa fẹ́ sá síta, òun ló sì máa fa ìyókù yípo. Tí ìwúwo bá wá dọ́gba yíká, kò sí ohun tó máa fà á, ẹ máa kàn fì bẹ́ ẹ ṣe wí yẹn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ ọ́n lára, àwa tó sanra a máa ń jókòó ságbègbè kan náà, ká wá ju àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ sódìkejì, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò bá ṣáà ti ní ká pààrọ̀. Spinball Whizzer tó wà ní Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ṣí ní 2004, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ dán an wò. Ọ̀kan nínú wa bọ́ sílẹ̀ kò lè rìn tààrà, ó lọ gbá ọ̀pá tí wọ́n fi ń to èèyàn mú bí ẹni pé ìyàwó ẹ̀ ni.

—

Èmi gun Time Traveler ní Silver Dollar City, ní Branson, ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà. 2018 ni wọ́n ṣí i, iléeṣẹ́ Mack Rides ti Jámánì ló ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kósítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọra gòkè kẹ́ ẹ ráyè gbàdúrà, kò sí ìyẹn níbẹ̀ o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tẹ́ ẹ ti wọkọ̀ ni, ilẹ̀ á lanu, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, ṣánṣán bí ògiri ilé. Ẹ̀gbẹ́ lèmi fi já a. Ẹ ti fi ẹ̀gbẹ́ já bọ́ rí? Ọrùn èèyàn ò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mágnẹ́ẹ̀tì á ta yín síwájú, eré ẹ̀ lé díẹ̀ ní máìlì 50 ní wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń dojú èèyàn kọ ilẹ̀, gbogbo ìyẹn pẹ̀lú yíyí o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í yí ní wèrè wèrè, wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì dá a lọ́wọ́ kọ́ kó má yára jù, ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi lè gùn ún tó sì sọ̀kalẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pariwo títí ohùn mi fi há.

—

Ẹ má bínú, kì í ṣe gbogbo wa ló ń rẹ́rìn-ín bọ́ sílẹ̀. Èyí tí mo gùn, mi ò ní dárúkọ páàkì náà, kékeré ni lójú, irú èyí tí kọ́nà ẹ̀ ká kò-ò-kò lókè yẹn, mo sì rò pé tàwọn ọmọdé ni. Mo di ojú mi nítorí ẹ̀rù. Àwọn tó mọ̀ wá ń sọ fún mi lẹ́yìn ẹ̀ pé ohun tó pa mí lára gan-an nìyẹn, torí omi kan wà nínú etí tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé à ń yí, tí ojú ò bá wá rí nǹkan kan, ọpọlọ ò ní mọ èwo ni kó gbà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, tí ọkọ̀ bá dúró, omi yẹn ò tíì dúró, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa yí lójú èèyàn. Mo bì. Ẹ̀bá òdòdó wọn ni mo bì sí, ọmọ mi ń ya fọ́tò mi. Ní báyìí tí mo bá máa gùn ún, ojú ẹni tó kọjú sí mi ni mo máa ń wò, tàbí bàtà mi, torí àwa àti ọkọ̀ la jọ ń yí, mi ò kì í wo ìta rárá. Ó dín òòyì yẹn kù gan-an fún èmi o, mi ò mọ tiyín.

—

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, àmọ́ fọ́tò yẹn ńkọ́ 😂

—

Ẹ jẹ́ n bá yín jà díẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kó máa yí bó ṣe wù ú, ṣé ẹ ti gun Cosmic Rewind? Ó wà ní EPCOT, páàkì ìṣeré Disney ní Florida, Amẹ́ríkà, May 2022 ni wọ́n ṣí i, inú ilé ló wà, nínú òkùnkùn. Tiẹ̀, kì í ṣe ìwúwo yín ló ń yí i, wọ́n ti ṣètò ẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ń darí ojú yín síbi tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wò lásìkò tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ta èèyàn jáde! Orin mẹ́fà ló wà tí ọ̀kan nínú wọn máa bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ò sì ní mọ èyí tó máa jẹ́. Mo gbà pé ìyẹn náà ò jẹ́ kó sú èèyàn, àmọ́ yíyí ẹ̀ mọ́ra, kò já gìdìgìdì, bí ẹni tó ń jó ni. Fún èmi, ìyẹn dára ju kí n máa bá ìwúwo àlejò lọ.

—

Ọmọ mi, o ò purọ́, ó dáa lóòótọ́, àmọ́ kò sí ìyàlẹ́nu nínú kí wọ́n máa yí ọ sí ibi tí wọ́n ti pinnu. Kósítà tó ń yí yìí ti pẹ́ láyé ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ o. Ní 1908, wọ́n ti ní Virginia Reel ní Luna Park, ní Coney Island, New York, Henry Riehl ló ṣe é. Irú ẹ̀ wà ní Blackpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1922 títí di 1982, mo gun ìyẹn lọ́mọdé. Ọkọ̀ ẹ̀ rí roboto, gbogbo wa jókòó yíká, ojú wa kọ ara wa, ẹsẹ̀ wa ń gbá ara wa láàárín, ló bá ń lọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́ sọ̀kalẹ̀ tó sì ń yí. Kò sí mágnẹ́ẹ̀tì, kò sí irin tó máa ń dé itan. Tí ẹ bá fi ara gbún ẹnì kejì, ẹ̀rín lẹ máa fi tọrọ àforíjì. Àwọn àgbà tí mo bá gùn ún ń pariwo ju àwa ọmọdé lọ.

—

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Tèmi ni Ride to Happiness, ní páàkì Plopsaland tó wà ní De Panne, ní Belgium, 2021 ni wọ́n ṣí i, àwọn Mack náà ló ṣe é. Ó ga ní mítà 33, ó ń sáré tó kìlómítà 90 ní wákàtí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń yí orí wa sísàlẹ̀. Bá a ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, kò tíì sáré rárá, ó kàn rọra dorí wa kodò, a rọ̀ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, gbogbo ohun tó wà lápò ẹnì kan já sílẹ̀, mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Ìgbà yẹn ló tó wá ta wá. Ẹ̀yìn ni mo fi gun òkè tó ga jù, mo ń wo ilẹ̀ tó ń jìnnà sí mi, mo sì mọ̀ pé a ti fẹ́ já, àmọ́ mi ò mọ ìgbà wo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa kọjú síwájú, ẹ ń pàdánù o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ kó ohun tó wà lápò ẹ̀ sínú lọ́kà, àpótí tí wọ́n ń kó ẹrù sí tí wọ́n á tì pa.